Ohùn Tó Ń Dá Ẹ̀rọ Dúró

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń gba ọ̀rọ̀ iwin gbọ́. Tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé òun rí òkú lójú títì, ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni pé ìgbà wo ló lọ yẹ ojú rẹ̀ wò gbẹ̀yìn. Ìwà mi nìyẹn, ẹni tó bá mọ̀ mí ní Ìwó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ gàrí tó wà lọ́nà Kuta yìí, kí ẹ má rò pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ẹ̀rù ba èmi náà ni, kò sì tíì kúrò lára mi tán.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni iṣẹ́ olùkọ́ fún àwọn tí ọpọlọ wọn kì í tètè gba nǹkan. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é nílé ẹ̀kọ́ kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà tó ránṣẹ́ pè mí. Àbúrò tirẹ̀ wà lára irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kó tó kú, bóyá ìdí nìyẹn tó fi gba mẹ́rin nínú wọn síṣẹ́: ọkùnrin méjì tó ń gbé àpò, obìnrin kan tó ń fi ajọ̀ jọ gàrí, àti obìnrin kan tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rin pákí. Ó fẹ́ kí n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ láìfarapa.

"Tíṣà," ó ní, "mi ò fẹ́ kí ìka ẹnikẹ́ni bá pákí lọ o."

Obìnrin ẹnu ẹ̀rọ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Yóò ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún dáadáa, ó sanra díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú ènìyàn ló sì máa ń wò dípò ojú fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi igi pẹlẹbẹ kan ti pákí tí wọ́n ti bó sínú ẹ̀rọ. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni páànù tí wọ́n ti fi ìṣó lu káàkiri, tó ń yí bírí bírí, tí kò mọ pákí yàtọ̀ sí ọwọ́. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yẹn ṣe tó o. Kì í yára, kì í lọ́ra. Kì í sì í sọ̀rọ̀. Ètè rẹ̀ nìkan ló máa ń mì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń dún, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ètè náà á dúró. Mo rò pé orin ló ń kọ. Kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ, nítorí ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn lè bo ìpè àdúrà mọ́lẹ̀.

Mo lọ kí ìyá rẹ̀ ní abúlé wọn kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, torí mo máa ń fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀. Ìyá àgbẹ̀ ni, ó ti darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ le koránkorán. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fún mi lápótí kí n jókòó, mo sì béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ rí.

"Ó máa ń sọ̀rọ̀ ní kékeré," ìyá ní. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló máa ń sọ. Tí bàbá kan bá kí i, bí bàbá yẹn ṣe kí i gẹ́lẹ́ ló máa dá a padà fún un. Wọ́n ní ó ń sín àgbà jẹ. Wọ́n nà án, wọ́n nà án, títí ó fi dákẹ́."

"Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńkọ́, ma? Ibo ló máa ń wà tẹ́ ẹ bá lọ sóko?"

Ó nawọ́ sí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀. Okùn kan ṣì wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́. Ara òpó náà ti dán níbi tí okùn ti ń ha á.

"Mi ò rẹ́ni fi í tì," ó ní. "Ọ̀nà ọkọ̀ ló máa ń gbà lọ tí mi ò bá so ó."

Inú bí mi débi pé mi ò lè mu omi tó gbé fún mi. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bínú sí, ìyá arúgbó tó ń dá roko? Mo padà sílé pẹ̀lú òpó yẹn lójú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé tí obìnrin yìí bá pàdánù iṣẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, ìdí òpó ló ń padà sí.

Ìdúró ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Òkúta lè wà nínú pákí, aṣọ lè fẹ́ kọ́ bẹ́líìtì, gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì kó ọwọ́ wọn kúrò lọ́dọ̀ irin. Mo ra fèrè, irú èyí tí àwọn rẹfirí ń fọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọn ọ́n, obìnrin ẹnu ẹ̀rọ ju igi sílẹ̀, ó di etí, ó sì sá wọ abẹ́ ibi tí bẹ́líìtì máa ń gbà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Mo lu agogo, ibẹ̀ náà ló sá lọ. Mo fi ohùn ara mi pè é, kò tilẹ̀ ṣe bí ẹni tó gbọ́. Ohùn mi le, mo mọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ohùn tí òun àti àwọn mẹ́ta tó kù gbọ́ ni ohùn Ìyá. Ìyá ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é, òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́, àgbà obìnrin kan láti ilé alùfáà láàárín ìlú. Ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó há díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Tó bá ti ní "Ọkọ mi, dúró," àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á dúró lójú ẹsẹ̀. Mo jowú díẹ̀, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn náà mo ní kó wá bá mi kọ́ wọn, a sì di ọ̀rẹ́.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Ìyá á ní, "Ọkọ mi, dúró. Ọwọ́ lórí." Wọ́n á ká ọwọ́ méjèèjì lé orí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì dúró síbi tó wà. Ìyá á wá yí wọn ká, á fi ọwọ́ kan èjìká wọn, á fa apá aṣọ wọn díẹ̀, á ní, "Ó ti tán, ọkọ mi. Máa báṣẹ́ ẹ lọ." Àyàfi tó bá fọwọ́ kàn wọ́n ni wọ́n tó lè sọ ọwọ́ kalẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Àlàmísì la máa ń fi dánrawò, kó má bàa kúrò lára wọn.

Èmi ni mo yan ọwọ́ lórí. Mo fẹ́ ibi tó jìnnà jù sí páànù, tí wọn ò sì ní gbàgbé. Àwọn obìnrin tó ń bó pákí kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Gbogbo wa la mọ̀ pé nílé tiwa, ẹni tí òkú kú fún ló ń ká ọwọ́ lérí; tí ọmọdé bá ṣe é lásán, wọ́n á gbá ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó fẹ́ pa. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń bó pákí wá bá mi, ó ní kí n wá nǹkan mìíràn. Mo dá a lóhùn pé ìgbà tí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́ ènìyàn ni yóò mọ ọ̀fọ̀. Ó padà sídìí agbọ̀n rẹ̀.

Nítorí ọjọ́ tí Ìyá kò bá ní sí nílé, ọ̀gá ní ká gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. A gbà á sínú fóònù kan, a so fóònù náà mọ́ gbohùngbohùn lára ògiri, a sì fi bọ́tìnnì kan sí ìtòsí ọwọ́ ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, Ìyá á sọ̀rọ̀ lára ògiri. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé bí mo ṣe ń dún nìyẹn?" ó ní. "Bí àgbà ẹyẹ."

Nǹkan kan ṣì wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára nínú ọgbà yẹn. Lọ́sàn-án, tí ẹ́ńjìnnì bá sinmi, Ìyá á lọ dúró síbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ obìnrin ẹnu ẹ̀rọ, á pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń kọ́ni nílé-kéwú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lójoojúmọ́: "Ṣé o ti jẹun, ọkọ mi?" Ọmọ á dáhùn, ìyá á pa fóònù, á mi orí.

"Irọ́ ló ń pa fún mi, tíṣà," ó sọ fún mi nígbà kan. "Àtìní àti Àlàmísì, ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó mọ̀ pé màá bẹ̀rù nítorí inú tó máa ń run ún. Ló bá máa ń ní òun ti jẹun. Odindi alùfáà."

Ó dùn mọ́ ọn bó ṣe ń sọ ọ́. Irọ́ kan ṣoṣo tí ọmọ náà ń pa nìyẹn, ìyá ló sì ń pa á fún.

Ìyá kú ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ilé-Ogbó, ó padà délé, ó ní orí ń fọ́ òun, ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo lọ síbẹ̀, mo dúró láàárín àwọn obìnrin, mo ń wá ẹkún, mi ò rí i. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Kálukú rò pé ẹlòmíràn ti sọ fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sẹ́ni tó rántí fóònù ara ògiri. Nígbà tó yá, ọkùnrin ẹ́ńjìnnì gbọ́ kí òkúta dún nínú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbi tó ti máa ń lọ kí ó tó ronú.

"Ọkọ mi, dúró. Ọwọ́ lórí."

Ó jáde lára ògiri bó ṣe máa ń jáde. Ọkùnrin ẹ́ńjìnnì pa ẹ́ńjìnnì, ó sì bẹ́ jáde. Àwọn tó ń bó pákí da ọ̀bẹ nù, agbọ̀n dojú dé, wọ́n ń sá lura wọn títí dé ìta. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, ó ku èmi àti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ilé yẹn. Wọ́n ti ká ọwọ́ lé orí. Gbogbo wọn ń wo ẹnu ọ̀nà tí Ìyá máa ń gbà wọlé.

Wọ́n ń dúró kó wá fọwọ́ kàn wọ́n.

Mo lọ bá àwọn ọkùnrin méjèèjì, mo fọwọ́ kan èjìká wọn, mo sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. Obìnrin onígàrí náà sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Obìnrin ẹnu ẹ̀rọ kọ̀. Mo fà á láṣọ, mo ní ó ti tán. Ó yẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má bàa dí i lójú, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Apá rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Mo yíjú síbi tó ń wò. Ìmọ́lẹ̀ ìta ló wà níbẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bíi pé kí n sún sẹ́yìn fún ẹni tó ń bọ̀. Mo sún sẹ́yìn.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá rẹ̀ tí a ránṣẹ́ pè tó dé láti oko. Òun ló di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sọ wọ́n kalẹ̀, tó sì ń fọwọ́ ra á lápá títí wọ́n fi dé ojú títì.

Àwọn tó ń bó pákí padà wá ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n jókòó sí. Èyí tó dàgbà jù ló bá mi sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè.

"A sọ fún yín, tíṣà. Ọwọ́ tí wọ́n ń ká lérí ní gbogbo Àlàmísì yẹn, ta lẹ rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Ìyá," mo ní.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́tipẹ́. Kò pa wọ́n."

Mo wọlé lọ ṣa àwọn ọ̀bẹ tí wọ́n dà nù, mo kó wọn wá fún wọn.

Kò pẹ́ tí ọmọ Ìyá fi wá. Wọ́n ti sọ fún un láàárín ìlú pé ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nílé iṣẹ́ gàrí. Ènìyàn gíga ni, oníwà pẹ̀lẹ́, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá kó tó wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "mi ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ kí ìyá mi sinmi. Ẹ pa ohùn wọn rẹ́."

Ọ̀gá gbà lójú ẹsẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀. Mo ṣàlàyé pé tí a bá pa á rẹ́ lójijì, obìnrin ẹnu ẹ̀rọ kò ní ní ohùn kankan tó lè dá a dúró. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ohùn tèmi máa gorí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Alùfáà ronú, ó wo òde níbi tí obìnrin náà ti ń ti pákí, ó ní òun gbà á láyè títí di Àlàmísì tó ṣáájú àdúrà ogójì ọjọ́. Ọ̀gá wá fi tirẹ̀ kún un.

"Tí kò bá dúró fún ohùn alààyè lọ́jọ́ náà, tíṣà, ilé ló ń lọ. Mi ò lè fi òkú ṣọ́ ẹ̀rọ. Ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń rò."

Mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀. Mo tún rí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, pẹ̀lú ibi tó ti dán.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohùn Ìyá á kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lára ògiri, tèmi á tẹ̀lé e. Lójoojúmọ́ ni mò ń yí tirẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, tí mo sì ń gbé tèmi sókè. Mo ti lo ọgbọ́n yìí fún ọ̀pọ̀ ọmọ, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ohùn òkú ṣe é rí. Bí mo ṣe ń dín in kù, ó ń dún bí ẹni tó ń rìn lọ lójú ọ̀nà oko, tó ń sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn. Àwọn tó ń bó pákí á di etí wọn tí wọ́n bá ti rí ọwọ́ mi lára fóònù. Èmi náà á jí láàárọ̀, màá rò pé òní ló kàn kí n tún tì í síwájú díẹ̀.

Àwọn mẹ́ta yí padà sí ohùn mi. Obìnrin ẹnu ẹ̀rọ kò yí. Tí mo bá dá ohùn mi lò, á máa ti pákí lọ. Tí ohùn Ìyá bá dún, bó ti wù kó kéré tó, á dúró. Ó dé ìgbà tí mo dín in débi pé èmi tí mo dúró sábẹ́ gbohùngbohùn kò gbọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀, ó gbé igi sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lé orí, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ló rí. Ní ọjọ́ kejì mo fi ẹ̀yìn pa bọ́tìnnì náà mọ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì lè ṣàlàyé rẹ̀ dòní.

Àlàmísì náà dé. Ọ̀gá wá, ọmọ Ìyá wá. Wọ́n gbé omi fún un, ó dúpẹ́, kò mu ún. Mo rántí pé ọjọ́ ààwẹ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí ìyá obìnrin náà, ó jókòó sórí àpò lẹ́bàá ògiri, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo yọ fóònù kúrò lára ògiri, mo fi lé alùfáà lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ohùn náà rẹ́. Ó di fóònù mú fún ìgbà díẹ̀ kó tó dá a padà, mo sì gbìyànjú kí n má wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo dúró láàárín ilé. Ẹ́ńjìnnì ń dún. Mo kígbe pé, "Dúró. Ọwọ́ lórí."

Àwọn mẹ́ta dúró. Obìnrin ẹnu ẹ̀rọ mú pákí mìíràn, ó fi igi tì í wọlé. Mo tún pè é. Ohùn mi ti ń ya. Ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe máa ń mì, ojú rẹ̀ ò kúrò nídìí iṣẹ́. Mo lọ yí àwọn mẹ́ta ká, mo fọwọ́ kàn wọ́n, mo sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi orí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó parí agbọ̀n tó wà níwájú rẹ̀, kí ó tó máa bá ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá arúgbó náà dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó tún un ró.

Agbọ̀n tán. Ọ̀sán ti pọ́n. Ọkùnrin ẹ́ńjìnnì nawọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì.

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ètè obìnrin náà kò dúró.

"Dúró," ohùn Ìyá ní. "Ọkọ mi, dúró. Ọwọ́ lórí."

Fóònù wà lọ́wọ́ mi, òfìfo. Ohùn náà há díẹ̀, ó wà nísàlẹ̀, ó ń ti ẹnu ẹ̀rọ wá. Obìnrin náà ló ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ariwo ẹ́ńjìnnì láti ọjọ́ yìí wá, èmi sì rò pé orin ni. Ọ̀sán Àlàmísì ni, ìgbà ìdánrawò ti tó, kò sẹ́ni tó máa pè é bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é, ló bá pè é fúnra rẹ̀.

Gbogbo ilé dúró. Àwọn mẹ́ta ti ká ọwọ́ lórí. Ní ẹnu ọ̀nà, àwọn tó ń bó pákí dúró gbagidi, ọwọ́ gbogbo wọn wà lórí wọn, ẹ̀rù àti ọ̀fọ̀ ló gbé e lọ síbẹ̀. Ọ̀gá ká ọwọ́ lórí. Ìyá arúgbó ká tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sá.

Obìnrin ẹnu ẹ̀rọ wo ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá gbé igi sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wa ká, ó ń fọwọ́ kan èjìká, ó ń fa apá aṣọ. "Ó ti tán, ọkọ mi. Máa báṣẹ́ ẹ lọ." Ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú fóònù rí, a ò gbà á sílẹ̀. Ó ṣe é fún àwọn mẹ́ta. Ó ṣe é fún àgbà àwọn tó ń bó pákí, obìnrin yẹn sì sọ ọwọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ọmọdé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ tèmi náà wà lórí. Ó fà mí láṣọ níbi tí Ìyá ti máa ń fà á gan-an. Ẹkún tí mo ti ń wá láti ọjọ́ ìsìnkú já lù mí, mo sun ún láìtijú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín pé ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn dòní. Òun ló ń pe ìdúró báyìí, kò sì sẹ́ni tí kì í gbọ́ ọ. Ọ̀gá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ náà: "Ẹ máa lọ sóko, ìyá. Tó bá bá yín lọ, ta ló máa bá wa dá ẹ̀rọ dúró?"

Ọmọ Ìyá ló fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn. Ó dúró lẹ́bàá ògiri, ọwọ́ méjèèjì lórí, fìlà rẹ̀ ti wọ́. Èmi ń bẹ̀rù ohun tó máa sọ, torí òun ló ní kí ohùn náà lọ, ó sì ti wà lẹ́nu alààyè báyìí, kò sì sí bọ́tìnnì tó lè pa á rẹ́. Obìnrin náà dúró níwájú rẹ̀, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ó ti tán, ọkọ mi," ó ní. Kò lọ. Ọ̀sán ni, ẹ́ńjìnnì ń sinmi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ la wà, ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ lákòókò yẹn. "Ṣé o ti jẹun, ọkọ mi?"

Alùfáà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti gbẹ, ààwẹ̀ ti mú un.

"Mo ti jẹun, ìyá mi," ó ní.